Irun Mọ́kànlá Inú Ìgò Mímọ́

"Irun eku ni."

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú-Àwòdì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá máíkíróskóòpù tó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá ìwádìí náà láàárọ̀ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó gbé ojú kúrò, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún wò ó. Irun náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó gùn, ó tín-ín-rín, àárín rẹ̀ sì rí bí àkàbà, pẹ̀lú àtẹ̀gùn kéékèèké láti ìdí dé orí. Irun ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń wá ẹ̀gbin nínú oúnjẹ olóúnjẹ, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní irun eku.

Kì í ṣe irun eku fúnra rẹ̀ ló ká a lára. Irun eku ni wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa wá. Ohun tó ká a lára ni ibi tó ti rí i. Inú Ìgò Mímọ́ ló ti rí i! Kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tó ti fi irú bọ́tà ẹ̀pà inú ìgò yẹn gan-an pa búrẹ́dì, tó jẹ ẹ́, tó lá ìka mẹ́ta. Adùn rẹ̀ ṣì há sáàárín eyín rẹ̀ bó ṣe jókòó yẹn. Ó dìde fùú, ó sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó yọ ẹnu, ó tu ú dànù, ó tún yọ ọ́. Èébì gbé e, kò bì. Ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù, kí èébì gbé ènìyàn kó má lè bì.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Ìgò Mímọ́ ná, kí ọ̀rọ̀ má baà rú wa lójú. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbé iṣẹ́ wá fún láàbù wọn. Àjọ náà fẹ́ máa fún àwọn ọmọ ní búrẹ́dì àti bọ́tà ẹ̀pà láràárọ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí wọ́n ń tà nígboro mọ́. Wọ́n ra ogójì ìgò lọ́wọ́ ogójì ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ Ojú-Àwòdì ni láti mú díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kó sè é pọ̀ mọ́ omi àti òróró. Bí irun bá wà níbẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ aáyán, á léfòó sójú òróró. Á wá sẹ́ ẹ sórí bébà funfun, á sì kà á lábẹ́ awò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n láàbù náà ní eruku tirẹ̀. Àjà ń jábọ́, búrọ́ọ̀ṣì ń re irun, aṣọ iṣẹ́ ń tú. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ohun tó ti inú ìgò wá yàtọ̀ sí ohun tó já bọ́ láti òkè? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló rí i yanjú. "Ẹ wá ìgò kan tó dá wa lójú pé ó mọ́," ló wí. "Ohunkóhun tí a bá kà nínú ìyẹn, ti láàbù ni. A ó yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ti gbogbo àwọn yòókù." Ìgò wo ló tún lè dá wọn lójú tó èyí tí gbogbo wọn ń jẹ lórí tábìlì ìsinmi láràárọ̀? Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ojú-Àwòdì ló ń ṣe é, obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́pàá, ẹni tó máa ń fọ abọ́ tó ti mọ́ kó tó bu oúnjẹ sí i. Ojú-Àwòdì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìgò náà wá. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, wọ́n kọ "Ìgò Mímọ́" sí i gàdàgbà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Irun mọ́kànlá ni wọ́n kà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní eruku láàbù ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń yọ mọ́kànlá kúrò nínú ti ìgò gbogbo. Èyí tó ní mẹ́sàn-án di òfo. Èyí tó ní mẹ́tàlá di méjì. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ìgò mẹ́tàdínlógójì nínú ogójì ti mọ́ tónítóní lórí ìwé. Ẹ ò rí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé!

Ì bá sì mọ́ bẹ́ẹ̀ títí ayé, bí kò bá ṣe pé àjọ náà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fọ́tò eruku láàbù yẹn, kí àwọn fi sẹ́yìn ìjábọ̀. Ìdí nìyẹn tí Ojú-Àwòdì fi yí awò sí èyí tó lágbára jù láàárọ̀ yẹn.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ tan ara rẹ̀. Bóyá eku wọ láàbù ni. Ó bá gbé omi àti òróró lásán kaná, kò fi bọ́tà kankan sí i, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó wò ó. Òfo. Ó tún un ṣe. Òfo. Ẹ̀ẹ̀kẹta, okùn aṣọ kan ṣoṣo ló rí, aláwọ̀ búlúù, láti ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Odidi oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹni tó ronú kàn án, nítorí ta ló máa ń fura sí oúnjẹ ẹnu ara rẹ̀?

Ó mú ìwé kíkà rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ka ìjábọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Èèyàn tó gbáfẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Bọ́tà ẹ̀pà díẹ̀ lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n náà lẹ́bàá ẹnu. Ojú-Àwòdì rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbé búrẹ́dì yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé oúnjẹ ti di èèwọ̀ ni?"

"Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, sà. Irun mọ́kànlá inú Ìgò Mímọ́ kì í ṣe eruku láàbù. Irun eku ni. Mo se omi àti òróró lásán lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Inú bọ́tà yìí gan-an ló ti wá."

Èyí tó wà lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lọ síwájú, kò sì padà sẹ́yìn. Ó fa bébà ìnuwọ́ yọ, ó pọ ọ́ sínú rẹ̀, ó gbé ìgò omi, ó yọ ẹnu sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù, ó wá ń fi bébà nu ahọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Omi lé sí i lójú.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń jẹ nǹkan yìí?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta, sà."

"Ọdún mẹ́ta!" Ó tún tutọ́.

Ọkàn Ojú-Àwòdì balẹ̀ díẹ̀. Ó rò ó pé ẹni tó bá ń tutọ́ báyìí, kò tún sí ìwàásù tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un mọ́. Kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ahọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀tọ̀ ni ọkàn rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

"Sà?"

"Ọ̀tunla ni àjọ ń gba ìjábọ̀ wa. Mo ti dúró níwájú wọn, mo ti fẹnu ara mi sọ pé ìgò mẹ́tàdínlógójì ló mọ́. Ṣé kí n wá padà lọ sọ fún wọn pé irun eku la fi ń yọ irun eku?"

"Ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn, sà."

"Fara balẹ̀, jàre. Irun eku kì í pa èèyàn. Òfin pàápàá gbà á láyè díẹ̀ níbi tó pọ̀."

"Ṣé ẹ máa jẹ èyí tó kù lórí búrẹ́dì yẹn tán, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka kan ti àwo náà sẹ́yìn títí ó fi dé etí tábìlì. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ yín ni, sà. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ lẹ fẹ́ kí wọ́n máa bù fún ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ọdún méje. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tí irun eku bá wà, ìgbẹ́ rẹ̀ kò jìnnà. Mo tún iye yẹn kà láìyọ nǹkan kan. Mẹ́rin péré ló mọ́ nínú ogójì. Mẹ́rin!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn rọ̀, ó dùn, irú èyí tí wọ́n fi ń tan ọmọdé lóògùn.

"Ta ló gbé Ìgò Mímọ́ wá síbí? Ìwọ ni. Ta ló ń ṣe é? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ni. Ìwé kíkà ta ni? Tìẹ ni. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tú síta, òṣìṣẹ́ láàbù kan ló gbé ẹ̀gbin ilé rẹ̀ wá, tó fi ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ohun tí wọ́n máa kọ nìyẹn. Orúkọ tèmi kò ní sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ, ìyá. Ìbuwọ́lùwé rẹ nìkan ló kù. Kí n rí i lórí tábìlì mi lọ́sàn-án ọ̀la."

Bọ́tà ẹ̀pà yẹn ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú-Àwòdì wò ó, kò sọ fún un. Ó jáde, kó sì tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó mọ̀ pé kì í ṣe eku ló ń rí òun lára mọ́. Eku ò kàwé. Eku ò mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé ló máa jẹ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹlẹ́pàá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló gbà lọ tààrà. Bó ṣe máa ń bá a nìyẹn: èpúrọ́ọ̀nù funfun, ìborí funfun, àwọn ìgò tó ń dán lórí káńtà bí ojú dígí. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá.

"Ìyàwó wa! Ìwọ rèé lọ́sàn-án gangan? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ibi tí ẹ̀pà ti ń tutù."

"Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Àbí wọ́n ti lé ọ níṣẹ́ ni, o fẹ́ wá kọ́ ẹ̀pà lílọ̀?"

Ṣùgbọ́n ó ṣíwájú rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, torí pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yin iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá kékeré kan ni. Ẹ̀pà tó bá yan lọ́sàn-án, inú àtẹ mẹ́fà tó wà nílẹ̀ ló máa ń tẹ́ ẹ sí, aṣọ funfun á sì bò ó títí ilẹ̀ fi máa mọ́, nítorí pé ẹ̀pà gbígbóná ò ṣe é lọ̀. Bọ́tà rẹ̀ máa ń tètè kan. Aṣọ ìbora náà mọ́ ju aṣọ ibùsùn àwọn mìíràn lọ. Ojú-Àwòdì bẹ̀rẹ̀, ó ká etí rẹ̀ kan. Ẹ̀pà pupa rèé. Láàárín ẹ̀pà, ìgbẹ́ eku rèé, dúdú, ṣóńṣó lórí, ọ̀kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ní ìdí ògiri, ihò kan wà tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀, òróró ara eku sì ti mú ẹnu rẹ̀ dán.

"Ẹ̀gbọ́n, kí nìyí?"

"Ṣé ìyẹn? Àwọn eku ilé ni. Bí mo bá pa mẹ́ta, mẹ́fà á wọlé. Mo máa ń ṣà á kúrò kí n tó lọ̀ ọ́."

"Ẹ máa ń ṣà á."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n da ẹ̀pà nù? Mo ń ṣà á dáadáa, mo tún ń fẹ́ ẹ nínú atẹ́gùn. Kò sí ẹyọ kan tó ń wọnú ẹ̀rọ."

Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, láìmijú, bí ẹni tó ní òun ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ojú-Àwòdì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń gba ìgò lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló fi í já lẹ́nu ọmú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irun rẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Mo kà á lábẹ́ awò. Mọ́kànlá ni, nínú ṣíbí mélòó kan péré."

"Nínú ẹ̀pà tèmi?"

"Nínú ẹ̀pà tiyín. A ti ń jẹ irun eku látọjọ́ tó ti pẹ́."

Áà, ẹnu Ìyá Ẹlẹ́pàá là. Ọ̀rọ̀ jáde níbẹ̀ tí kò ṣe é kọ sílẹ̀ tán. Ṣé òun ló ń pè ní ọ̀bùn? Òun tó wẹ ọmọ fún un nígbà tí kò lè dìde lórí ẹní? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní láàbù nìyẹn, kí wọ́n máa fi dígí tú ìdí àgbà wò? "Jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi! Jáde, kí n má baà sọ ohun tí ẹnu mi ò ní lè gbé padà!" Ojú-Àwòdì kúnlẹ̀, ó ní kó máa bínú, ó sì jáde. Àforíjì yẹn wá látọkàn rẹ̀, síbẹ̀ kò yọ ẹyọ irun kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fóònù ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, dúró síwájú ilé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ìyá àwọn ọmọ, kí lo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, ó sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ìgò tó wà lórí tábìlì, ṣíbí ṣì dúró nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tó dórí ìgbẹ́ eku, ọkùnrin náà dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, Ojú-Àwòdì ń gbọ́ bó ṣe ń họ ọ̀fun.

"Má tíì sọ fún àwọn ọmọ," ló wí nígbà tó padà dé.

"Kí wá ni kí n ṣe nípa ìwé yẹn?"

Ó ká téèpù mọ́ ìka, ó tú u, ó tún ká a. "Èyí tó bá tọ́ lójú rẹ ni kí o ṣe. Ṣùgbọ́n má gbé orúkọ mi sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Orúkọ! Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ọkọ ò fẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ojú-Àwòdì gbé ìgò náà, ó dà á sílé ẹ̀gbin, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí àjọ náà. Ó to ìgò ogójì pẹ̀lú iye irun inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyọ nǹkan kan kúrò. Nígbà tó dórí Ìgò Mímọ́, bírò rẹ̀ dúró. Ó ronú títí, ó wá kọ "ìgò kan láti ilé." Ó ka èyí tó kọ, ojú ara rẹ̀ tì í. Òun tó ń bú Ọ̀jọ̀gbọ́n! Kò sì mọ̀ bóyá òun lè gbé lẹ́tà náà dé ibì kankan.

Nígbà tó débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́pàá ti wà lẹ́nu géètì, abọ́ onídèérí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dáhùn kíkí rẹ̀.

"Mo lọ̀ ọ́ ní ìdájí yìí. Ojú ara mi ni mo fi ṣà á, ẹyọ ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan, látìgbà tí mo ti jí. Irọ́ lo pa mọ́ mi. Wá kà á lójú mi."

Ojú-Àwòdì kò jiyàn. Ó wọ̀ ọ́ láṣọ iṣẹ́, ó fún un ní àga. Ó bu bọ́tà tuntun náà, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, Ẹ̀gbọ́n sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ó fi bébà sábẹ́ awò. Ó kà á sókè ketekete, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi dé mẹ́sàn-án. Ó wá dìde kúrò lórí àga.

"Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Ìyá Ẹlẹ́pàá kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan, ó ń fún ojú pọ̀, ó ń yí orí. Ó wá dúró sójú kan.

"Kí lèyí tó dà bí àkàbà yìí?"

"Irun eku ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ṣà á."

"Mo mọ̀ pé ẹ ṣà á. Orí ẹ̀pà ni eku ń rìn kọjá lábẹ́ aṣọ. Ọwọ́ ò lè ṣa ohun tójú ò rí."

Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ńlá yẹn ti lọ pátápátá. "Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, kò lè jẹ nǹkan kan mọ́. Èyí ni mo ń fi omi gbígbóná pò fún wọn. Ṣíbí ṣíbí ni mo ń fi í sí wọn lẹ́nu." Ó bì. Kò débi ẹ̀rọ omi. Inú ìborí funfun ara rẹ̀ ló bì sí. Ojú-Àwòdì gbá a mú lẹ́jìká, òun náà ń sunkún, òun náà ń bínú, kò mọ ẹni tó ń bínú sí.

Nígbà tó fọ ojú tán, Ìyá Ẹlẹ́pàá rí lẹ́tà náà lórí tábìlì. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i.

"Níbo ni orúkọ mi wà nínú èyí?"

"Kò sí níbẹ̀. Mo kọ 'ìgò kan láti ilé.' Mi ò fẹ́ ba ọjà yín jẹ́."

"Ilé wo? Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi, ṣé ilé kan ni wọ́n mọ̀? Kọ orúkọ mi sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní rà á lọ́wọ́ yín mọ́."

"Kí wọ́n má rà á! Ẹni tó jẹ ìgbẹ́ eku lọ́wọ́ mi lẹ́tọ̀ọ́ láti bú mi. Kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bú. Ìgbà tí mo bá gbé àtẹ kúrò nílẹ̀, tí mo ra àgbá onídèérí, màá tún ké sí wọn. Kọ ọ́, ìyàwó mi, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà."

Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń ṣàlàyé ìjábọ̀ ọ̀la àti oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún un, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé. Ó rí àlejò, ẹ̀rín dídùn yẹn sì jáde.

"Háà, Ìyá wa! Ẹ káàbọ̀ o. A ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́nsì ni, Mọ̀mí, kò lè yé yín tán."

"Mi ò mọ sáyẹ́nsì," Ìyá Ẹlẹ́pàá dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n mo mọ eku. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún wọn lọ́la pé kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ jẹ?"

"Ṣé ẹ rí i, irun díẹ̀ nínú oúnjẹ..."

Kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ṣí abọ́ náà, ó bu ṣíbí kan kún, ó nà án sí i. "Ó dáa. Ẹ gbà. Tuntun ni, mo lọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó gbóòórùn òkú. Obìnrin méjèèjì wò ó, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ Ojú-Àwòdì, ohùn rẹ̀ sì le. "Bí o bá gbé ìyẹn jáde níbí, má padà wá."

"Mo ti gbọ́, sà," ló dáhùn. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì na ọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n máa lọ.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ọ́fíìsì àjọ náà. Ojú ọ̀nà ni Ìyá Ẹlẹ́pàá ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé òun ṣì ń bínú sí i, pé ó yẹ kó ti sọ ọ́ bí ọmọlúàbí, kì í ṣe kó kàn já wọ ṣọ́ọ̀bù àgbà lọ́sàn-án. Ojú-Àwòdì ní òun gbà. Ó ti ń ṣírò oṣù tó kù kí àwọn ọmọ wọ kíláàsì tuntun, àti ohun tí télọ̀ kan ṣoṣo lè rí mú wálé.

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn káńtà gba lẹ́tà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó fa ìwé ńlá kan yọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

"Ẹjọ́ lẹ wá fi sùn, àbí ìjábọ̀?"

"Méjèèjì ni," Ojú-Àwòdì wí.

"Tó bá jẹ́ ẹjọ́, mo ní láti kọ orúkọ síbí. Ta lẹ wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, Mà?"

Ojú-Àwòdì la ẹnu, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́pàá ti fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti káńtà.

"Àwa ni," ló wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi."